Orúkọ Tí Kò Jáde

Ọjọ́ Ajé, 13 Oṣù Kẹwàá, 1975

Ìbíkúnlé ni wọ́n mú!

Kí n tètè kọ ọ́ sílẹ̀, torí bí mo bá gbé e mì báyìí, yóò há mi lọ́fun. Láàárọ̀ yìí ni Wọ́ṣípù — adájọ́ wa ni, inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀ — kó gbogbo àwa akọ̀wé kóòtù jọ sí yàrá rẹ̀. Ó ní ìjọba tuntun ti gbé Ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ tí yóò yẹ iṣẹ́ ọdún márùn-ún wò: ti ọlọ́pàá, ti kóòtù, ti ọgbà ẹ̀wọ̀n. Àtúnṣe wo ni wọ́n ṣèlérí fún aráàlú, èwo ni wọ́n ṣe, èwo ni wọn ò tilẹ̀ fọwọ́ kàn. Kóòtù kọ̀ọ̀kan yóò kọ ìròyìn tirẹ̀ ránṣẹ́.

Mo ti ń tún táì mi ṣe. Ta ni ì bá tún jẹ́ bí kò ṣe èmi? Ọdún mẹ́tàdínlógún lẹ́nu iṣẹ́. Èmi ni mò ń tọ́jú dáyárì kóòtù, ìwé ńlá tí à ń kọ ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ olúkúlùkù sí. Bí orúkọ rẹ kò bá sí níbẹ̀, o ò ní ẹjọ́. Bàbá Dáyárì ni gbogbo wọn ń pè mí. Wọ́ṣípù wo ojú mi, ó rẹ́rìn-ín, ó yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó ní, "Ìbíkúnlé, my dear, ìwọ ni wàá kọ ọ́. Bàbá Dáyárì á ràn ẹ́ lọ́wọ́."

Kí n ràn án lọ́wọ́! Ọmọ tí mo kọ́ bí a ṣe ń fi abẹ́rẹ́ àti okùn rán fáìlì ní 1971.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Oṣù Kẹwàá

Wọ́n ti fún un ní yàrá kékeré tó ní fáànù. Fáànù!

Ọjọ́rú, 15 Oṣù Kẹwàá

Bàtàgíga ni mo sọ ọ́. Gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ ga tó ìka mẹ́rin, ẹnu ṣòkòtò rẹ̀ fẹ̀ tó fi ń bá wa gbálẹ̀ kóòtù lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ó ń lọ kọ́ ìmọ̀ òfin nírọ̀lẹ́. Ó ní ìjàpá Volkswagen, èmi ń wọ bọ́ọ̀sì láti Súrùlérè. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 1973 ni wọ́n ti fi yàrá fáìlì sábẹ́ rẹ̀, yàrá tí mo bẹ̀bẹ̀ fún lẹ́ẹ̀mejì. Kí n má purọ́ fún bébà: ìlara ni. Ó ń jẹ mí láti àyà dé ikùn, ó sì ń jẹ́ kí oúnjẹ korò lẹ́nu mi.

Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà mi pọ̀. Ìwé tí mò ń kọ ọ̀rọ̀ sí yìí gan-an, àkísà ni. Dáyárì kóòtù ti 1972 ni, awọ pupa, bébà tó nípọn tí yíǹkì kì í là kọjá. Nígbà tí tuntun dé, mo gbé ògbólógbòó lọ sílé, ẹnikẹ́ni kò béèrè. Kóòtù kì í jókòó lọ́jọ́ Àìkú, gbogbo ojú ewé Àìkú inú rẹ̀ ló ṣófo. Ibẹ̀ ni mò ń kọ ti ara mi sí láti ìgbà tí ìjọba ti yí padà ní oṣù Keje. Ọjọ́ tí mo kọ sókè ni kí a gbàgbọ́. Èyí tí gọ́fúmẹ́ǹtì tẹ̀ síbẹ̀, mo ti fa igi lé e lórí. Àìkú oṣù Kẹsàn-án ni mo wà báyìí. Wọn kò kù púpọ̀ mọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 17 Oṣù Kẹwàá

Ohun tí ǹ bá kọ sínú ìròyìn náà, ká ní wọ́n mọyì ènìyàn:

Pé ìjọba ra mọ́tò tuntun fún ọlọ́pàá, òótọ́ ni, wáyálẹ́ẹ̀sì wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n kọ́pùrù tó wá jẹ́rìí lọ́dọ̀ wa lánàá, báírò mi ló yá kí ó tó lè kọ orúkọ ara rẹ̀, kò sì dá a padà.

Pé wọ́n ń yìnbọn pa adigunjalè létí òkun, èrò ń wọ́ lọ wòran bí ẹni ń lọ wo bọ́ọ̀lù. Ó dáa. Ẹni tí wọ́n mú ní ọjà Ojúwòyè ńkọ́, lọ́sàn-án gangan, torí pé ó dúró láìsí iṣẹ́ lọ́wọ́? "Wándàrín" ni wọ́n ń pe ẹ̀sùn yẹn. Tó o bá rìn, o jẹ̀bi. Tó o bá dúró, o jẹ̀bi.

Pé dáyárì tuntun kì í dé kí oṣù Kíní tó dé àárín. Ọdọọdún ni! Ẹjọ́ tí a bá sún sí oṣù Kíní, ẹ̀yìn dáyárì àtijọ́ ni mò ń kọ ọ́ sí, níbi ojú ewé Àkíyèsí. Bí tuntun bá dé, màá wá dà wọ́n kọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, màá sì fi báírò pupa fàmì sí èyí tí mo ti dà kọ. Ṣé Bàtàgíga mọ̀ bẹ́ẹ̀? Ìwé òfin wo ló kọ́ ọ? Ọdún mẹ́tàdínlógún, mi ò fo ìlà kan rí.

Ọjọ́ Àìkú, 19 Oṣù Kẹwàá

Bàtàgíga wá sílé. Lẹ́yìn ìsìn, a ò tíì bọ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ẹ̀yin lẹ mọ inú iṣẹ́ yìí, mo ní kí n wá fetí sí yín." Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó mi gbalaja, pẹ̀lú bàtà yẹn. Hilda rẹ́rìn-ín. Hilda, nọ́ọ̀sì tí ó máa ń ti wọ́ọ̀dù Ìdí-Àràbà dé pẹ̀lú ojú dídì! Ó bu ìrẹsì fún un, itan adìyẹ ló fi lé e. Itan! Ọrùn ló kàn mí.

Mo sọ ohun díẹ̀ fún un, mo fi púpọ̀ pamọ́. Kò béèrè nípa ẹ̀yìn dáyárì, èmi náà kò sì sọ.

Nígbà tó lọ tán, Hilda ní, "Ọmọ yẹn gbọ́n, Bàbá Mobọ́lá, ó sì mọ àgbà." Mo ní oorun ń kùn mí. Irọ́ ni, agogo méjì ọ̀sán ni.

Ọjọ́ Ajé, 20 Oṣù Kẹwàá

Ìyá Ọjọ́-Ajé tún wá. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Láti Múṣín ló ti ń wá, gbogbo Ọjọ́ Ajé, ó ti lé ní ọdún méjì àti ààbọ̀. Ìborùn funfun, jẹ́jẹ́ ni í rìn. Yóò jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn títí a ó fi ka lísìtì ọjọ́ náà tán, yóò wá sí iwájú tábìlì mi, yóò kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ṣé orúkọ ọkọ mi jáde?" Èmi á ní, "Kò sí lórí lísìtì." Yóò dúpẹ́, yóò lọ. Ọ̀rọ̀ tí a ń bára wa sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ rí. Bí kíkí ni ó ti dà.

Ọjọ́bọ̀, 23 Oṣù Kẹwàá

Mo ka ìròyìn rẹ̀.

Ó lọ jẹun, ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀, fáànù ń ṣí bébà fúnra rẹ̀. Ṣé kí n di ojú mi ni? Ìdajì ni mo kà kí n tó gbọ́ ẹsẹ̀. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára, ìyẹn náà dùn mí. Ó ní nínú ọgọ́rùn-ún ẹjọ́, mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún ni a ń parí lọ́dọ̀ wa. Ó ní àtúnṣe ti wọ kóòtù yìí. Lẹ́yìn náà ni mo rí èyí tó mú mi dúró: "Kò sí ẹnikẹ́ni tí ó wà ní àtìmọ́lé ju oṣù mẹ́fà lọ nítorí ìdádúró láti ọ̀dọ̀ kóòtù yìí."

Ìyá Ọjọ́-Ajé!

Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kọrin nínú bọ́ọ̀sì. Ọdún méjì àti ààbọ̀ kì í ṣe oṣù mẹ́fà. Ọwọ́ mi tẹ̀ ọ́, Bàtàgíga.

Ọjọ́ Ajé, 27 Oṣù Kẹwàá

Lónìí, nígbà tó kúnlẹ̀, mi ò dá a lóhùn bí àtẹ̀yìnwá. Mo ní kó dìde, mo gbé àga fún un. Ẹ̀rù bà á, ó rò pé ọkọ òun ti kú.

Sàúdátù ni orúkọ rẹ̀. Irun ló ń dì fún àwọn ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn. Ọkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ṣítù Ṣàíbù, fọkanáísà, ó ń lẹ táyà lẹ́bàá títì. Ní oṣù Kejìlá 1972, oníbàárà kan fi táyà tuntun sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ní òun ń lọ Ìbàdàn. Kọ́pùrù rí táyà lábẹ́ bẹ́ǹṣì, ó ní rìsíìtì dà. Wọ́n gbé e wá sí kóòtù wa. Kò rí ẹni gba béèlì rẹ̀. Adájọ́ tó wà níbẹ̀ nígbà náà sún ẹjọ́ sí oṣù Kíní. Wọ́n mú un lọ sẹ́wọ̀n kó lọ dúró de ọjọ́ náà. Ọjọ́ náà ni kò tíì dé títí di òní.

Ó ní olówó táyà padà dé ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Ó lọ sí téṣàn, ó ní òun lòun ni táyà. Wọ́n ní kó lọ bá kóòtù. Ó wá sí kóòtù. "Ẹ̀yin lẹ dá a lóhùn, Bàbá. Ẹ ní orúkọ Ṣítù ò sí lórí lísìtì."

Mi ò rántí. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ wọn ọkùnrin ń rìn nísinsìnyí, inú oyún ló wà nígbà yẹn. Ó ní bí òun bá dé ẹ̀wọ̀n, Ṣítù máa ń bi í, "Wọ́n pè mí?" Òun á ní ó ku díẹ̀. Obìnrin náà ń sọ ọ́ láìsí omijé, ó ń wo ọwọ́ mi bí mo ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ṣèlérí fún un pé Ìgbìmọ̀ yóò gbọ́. Ó gbàdúrà fún mi, àdúrà gígùn. Mo ṣe àmín, ṣùgbọ́n ojú Bàtàgíga ni mò ń rí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 28 Oṣù Kẹwàá

Mo ti fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí Ìgbìmọ̀, mi ò kọ orúkọ mi sí i. Mo fi kún un pé láti 1973, Ọ̀gbẹ́ni Ìbíkúnlé nìkan ni kọ́kọ́rọ́ yàrá fáìlì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kọkànlá

Wọ́n dé. Mẹ́ta nínú Ìgbìmọ̀, láìròtẹ́lẹ̀, pẹ̀lú akọ̀wé obìnrin tó ń fi ẹ̀rọ tẹ gbogbo ohun tí ẹnu bá sọ. Wọ́ṣípù ń ṣe bí adìyẹ tó já sílé onílé. Alága wọn, adájọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, ka ìlà oṣù mẹ́fà náà sókè. Lẹ́yìn náà ó ka lẹ́tà mi. Bàtàgíga fọwọ́ lu àyà. Ó ní, "Sir, I swear, mi ò gbọ́ orúkọ yìí rí."

Wọ́n tú yàrá fáìlì. Òjò 1974 tí òrùlé fi jò ti jẹ pẹpẹ mẹ́ta, fáìlì Ṣítù kò sí. Wọ́n wo dáyárì 1973, ewé dé ewé, orúkọ rẹ̀ kò sí. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ní ọ̀dọ̀ wa ló ti wá, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tó wà lórí wáráǹtì rẹ̀ ti ṣá, wọn ò rí i kà. Téṣàn ní kọ́pùrù yẹn ti lọ sí òkè Ọya. Mo ní ṣé wọn ò kúkú lè tú u sílẹ̀. Alága wò mí lókè gíláàsì rẹ̀. Ó ní, "A ò lè dá ẹni tí a ò rí ìwé ẹ̀ sílẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni. A ò mọ ohun tó ṣe. Ó lè jẹ́ pé ó pànìyàn."

Ó wá ní, "Dáyárì 1972 ńkọ́?"

 Mo rò ó: gbogbo ojú ewé Àìkú! Wọ́ṣípù, Bàtàgíga, itan adìyẹ, gbogbo rẹ̀, kí akọ̀wé obìnrin yẹn máa fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Ó wà nínú àwọn tí òjò bà jẹ́, sà. Nínú yàrá fáìlì."

Gbogbo wọn yí ojú sí Ìbíkúnlé.

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kọkànlá

Wọ́n ti ní kó máa lọ jókòó sílé títí ìwádìí yóò fi parí. Mo rí i tó ń kó ìwé òfin rẹ̀ sínú páálí. Kò wọ bàtà gíga lónìí, pẹlẹbẹ ló wọ̀. Kò ga ju mi lọ.

Mo ti lálàá ọjọ́ yìí fún ọdún méjì. Adùn rẹ̀ tó bí mo ti rò, fún bí wákàtí kan.

Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Kọkànlá

Mo yẹ ìwé yìí wò kí ọkàn mi lè balẹ̀. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú kì í sí nínú dáyárì, ọjọ́ tí a bá sún ẹjọ́ rẹ̀ sí ni orúkọ rẹ̀ ń wọ ibẹ̀. Mo wo gbogbo oṣù Kejìlá. Kò sí. Mo ṣí ẹ̀yìn, ojú ewé Àkíyèsí: orúkọ méjìlá, gbogbo wọn pẹ̀lú àmì pupa, dé ìsàlẹ̀ bébà. Kò sí Ṣítù. Mo pa ìwé dé.

Nítorí náà irọ́ tí mo pa kò pa ẹnikẹ́ni lára. Bí mo bá tilẹ̀ gbé e fún wọn, wọn kì bá rí nǹkan kan níbẹ̀ bí kò ṣe ìtìjú mi.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kọkànlá

Rédíò ń ka orúkọ lójoojúmọ́, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ti ní kí wọ́n máa lọ sílé. Lóòórọ̀, lálẹ́. Gbogbo òpópónà wa ló ń dákẹ́ tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀. Hilda ní, "Wọn ò ní ka ti Ìbíkúnlé, àbí? Ọmọ tó ń tọ́jú ìyá ẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta." Mo ní báwo ni mo ṣe mọ̀. Ó wò mí títí. Ó ní, "Bàbá Mobọ́lá, láti oṣù tó kọjá ni inú yín ti ń dùn ní ọ̀nà kan tí mi ò fẹ́ràn."

 Obìnrin yìí, ó ti fi ojú wo aláìsàn tó pọ̀ jù.

Ọjọ́ Ajé, 10 Oṣù Kọkànlá

Sàúdátù wá. Ó tún kúnlẹ̀, ó tún béèrè. Kò sí lórí lísìtì. Lónìí kò dúpẹ́.

Ọjọ́rú, 12 Oṣù Kọkànlá

Mo bá Ìbíkúnlé ní pálọ̀ nígbà tí mo dé láti ibi iṣẹ́. Ó ti gbẹ. Hilda bu omi fún un, kò mu ún. Mo kọ́kọ́ rò pé ìjà ló bá wá. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ bá mi ronú. Kò sẹ́ni tó mọ ọ̀nà tí bébà ń gbà ní kóòtù yẹn bí i tiyín. Ẹ má wo tèmi. Mo lọ sí ẹ̀wọ̀n lọ wo ọkùnrin yẹn. Eyín ẹ̀ ti ń ká. Ó bi mí pé ṣé èmi ni wọ́n rán wá pe òun."

Ó lọ wò ó! Èmi tí mo kọ lẹ́tà, mi ò lọ.

Ó fi ìròyìn rẹ̀ hàn mí, ó ní kí n bá òun wá ibi tí òun ti ṣìnà. Mo kà á dé ìdajì kejì, èyí tí ẹsẹ̀ kò jẹ́ kí n kà lọ́jọ́ kìíní. Ó ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé òrùlé ń jò, pé ọlọ́pàá ń kó ènìyàn wá láìsí ẹlẹ́rìí, pé àtúnṣe tí kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà látìmọ́lé, orí bébà ló wà. Ní ìparí: "Ìwé kan ṣoṣo tí a lè fọkàn tán ní kóòtù yìí ni dáyárì, nítorí ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Theophilus Oyèwọlé. Láti inú rẹ̀ ni mo ti ka iye oṣù mẹ́fà. Mo dábàá pé kí ìjọba gbé e ga."

Inú dáyárì mi ló ti ka oṣù mẹ́fà rẹ̀. Ẹni tí kò sí nínú dáyárì mi, kò sí.

Mo da bébà padà fún un. Mo ní màá ronú sí i. Ó ní "Ẹ ṣé, Ẹ̀gbọ́n" lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo wọ yàrá lọ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú bàtà mi lẹ́sẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Oṣù Kọkànlá

Ojú ewé Àìkú tán lọ́jọ́rú, èyí tó kẹ́yìn ni 31 Oṣù Kejìlá. Láàárọ̀ yìí mo fẹ́ kọ̀wé, kò sí àyè. Mo lọ sí ẹ̀yìn, sí Àkíyèsí, ibi orúkọ méjìlá. Mo ní ẹ̀yìn rẹ̀ yóò ṣófo. Mo ṣí ewé náà.

Kò ṣófo.

Orúkọ kan ṣoṣo, lókè pátápátá. Ọwọ́ mi ni. Yíǹkì dúdú mi ni. "Ṣítù Ṣàíbù, Múṣín. Táyà kan, a fura pé olè ni. Ẹjọ́ 1147 ti 1972. Ó di 16/1/73."

Kò sí àmì pupa.

Ìsàlẹ̀ ojú ewé iwájú ni mo ti dúró lọ́jọ́ tí mò ń dà wọ́n kọ. Méjìlá. Mo rò pé ó tán. Mi ò ṣí ewé. Mi ò ṣí i ní 1973, mi ò ṣí i lọ́jọ́ kẹfà oṣù yìí tí mo ní mò ń yẹ ìwé wò. Àmì pupa kan. Kò tó iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan. Ọ̀rọ̀ táyà, bí ó bá tilẹ̀ jẹ̀bi, kì bá lò ju oṣù mẹ́fà lọ. Olówó táyà wá dúró níwájú mi, mo ní kò sí lórí lísìtì! Èmi ni lísìtì.

Abẹ́ orúkọ rẹ̀ ni mò ń kọ èyí sí. Kò sí ibòmíràn.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Oṣù Kọkànlá

Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní inú ń run mí. 

Mo ti ro gbogbo rẹ̀. Kí n ya ewé yìí nìkan fún wọn? Wọn yóò ní níbo ló ti ya. Ewé tí a ya kì í jẹ́rìí ní kóòtù, èmi fúnra mi ti sọ ọ́ fún lọ́yà méjì rí. Inú ìwé rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wà, pẹ̀lú nọ́ńbà ojú ewé àti òǹtẹ̀ gọ́fúmẹ́ǹtì. Àtipé ẹ̀yìn ìwé kò lè lọ kí iwájú rẹ̀ dúró sílé. Bí ó bá lọ, gbogbo ọjọ́ Àìkú mi ló lọ. Wọ́n á kà á sókè. Wọ́ṣípù á mọ̀ pé Wọ́ṣípù lòun. Ìbíkúnlé á mọ̀ pé Bàtàgíga lòun, á mọ ẹni tó kọ lẹ́tà, á mọ irọ́ òjò. Hilda á ka ti itan adìyẹ. Lẹ́yìn náà rédíò á ka orúkọ mi, ọdún mẹ́tàdínlógún, láìsí owó ìfẹ̀yìntì.

Tàbí kí n má ṣe nǹkan kan. Sítóòfù wà nílé ìdáná, kẹrosíìnì wà nínú rẹ̀. Bébà yìí nípọn, yóò pẹ́ díẹ̀ kó tó jó. Mo gbé e dé ibẹ̀. Òótọ́ ni mò ń kọ, mo gbé e dé ibẹ̀, mo sì ti ṣá ìṣáná.

Mo rántí ohun tí Ṣítù bi Ìbíkúnlé: "Ṣé ẹ̀yin ni wọ́n rán wá pè mí?" Ìṣáná jó mi lọ́wọ́.

Hilda dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, ó bá mi ní ìdúró níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé pupa ní abíyá. Kò béèrè kí ni. Ó fi ọ̀rá pa ìka mi. Mo sọ fún un, gbogbo rẹ̀, kí ó má bàa jẹ́ lẹ́nu ẹ̀rọ obìnrin yẹn ni yóò ti gbọ́ ọ.  Ó ní, "Ọmọ mélòó ni wọ́n bí?" Mo ní ọ̀kan, inú oyún ló wà nígbà tí wọ́n mú Ṣítù. Ó ní, "Ọ̀kan," ó sì lọ lọ aṣọ tí n óò wọ̀ lọ́la.

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Mo ti ń tú òwe yẹn fún àwọn ẹlẹ́jọ́ láti 1958.

Mo ṣì ń jowú ọmọ yẹn. Kò lọ. Mo ń jowú rẹ̀ sí i pàápàá, torí pé òun ló lọ wo ọkùnrin náà láìjẹ́ pé ó ṣẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 17 Oṣù Kọkànlá, 1975

Agogo mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀. Mo ti wọ táì. Ọ́fíìsì Ìgbìmọ̀ kì í ṣí kí agogo mẹ́wàá tó lù. N óò kọ́kọ́ dé kóòtù, torí lónìí ni ọjọ́ Sàúdátù, kò sì yẹ kí ẹlòmíràn gbọ́ ọ ṣáájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, èmi àti òun la jọ ń lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ óò ka ìwé yìí sókè, ìlà yìí ni ìparí ohun tí ó jẹ́ tèmi níbẹ̀. Ìlà tó kù, ti Ṣítù ni, kì í ṣe tèmi. Mo ti mú báírò pupa. Mo ti fàmì sí i.

Bí ó bá kúnlẹ̀, n óò ní kó dìde. Bí ó bá béèrè, n óò ní: ó jáde.